Ìgò Kòkòrò Rere

Inú ń bí mi. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ tètè mọ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà máa retí pé ohùn mi á rọ̀ tó bá yá. Aṣọ ni mò ń rán ní Igbókòdá, àwọn oníbàárà mi sì mọ̀ pé tí mo bá ti gé aṣọ tán tí wọ́n wá ní àwọn fẹ́ yí sítáì padà, wọ́n á gbọ́ tiwọn lẹ́nu mi. Ìyẹn ìbínú kékeré ni, kì í ju kí n mu omi tútù lọ. Èyí tí mo fẹ́ sọ yìí kò tíì sọ̀ kalẹ̀ nínú mi láti ọjọ́ tó ti wọbẹ̀. Bí mo bá ń jẹun, ó wà níbẹ̀. Bí mo bá ń fẹsẹ̀ tẹ máṣìnnì, ó tún wá wà níbẹ̀ jù.

Ìyá mi lọ̀rọ̀ kàn. Ugbonla ni wọ́n ń gbé, nínú ilé pákó tí bàbá mi kọ́ sórí òpó kí bàbá tó kú. Ẹni tí kò bá mọ ẹ̀yìn omi wa lè rò pé ilé lásán ni mò ń sọ. Afárá pákó tóóró lèèyàn ń gbà láti ẹnu ọ̀nà dé ọ̀dọ̀ aládùúgbò, òun náà lèèyàn ń gbà dé ṣọ́ọ̀ṣì, òun lèèyàn ń gbà dé ibi tí ọkọ̀ ń gúnlẹ̀ sí. Béèyàn bá sì débẹ̀, ó ní láti na ẹsẹ̀ kan sínú ọkọ̀ tó ń mì, kó fi èkejì sílẹ̀ lórí pákó títí ara rẹ̀ á fi balẹ̀. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ò bá dúró dáadáa kò lè gbé Ugbonla. Kì í ṣe pé wọ́n á lé e. Ibẹ̀ gan-an ni kò níí gbà á.

Àtọ̀gbẹ ni dókítà ní ó ń ṣe ìyá mi. Ìtọ̀ ṣúgà làwa ń pè é. Kó tó di pé a mọ̀, òùngbẹ ń gbẹ wọ́n ṣáá, ìtọ̀ ń gbọ̀n wọ́n, wọ́n sì ń rù bí ẹja tó pẹ́ lórí iná. Wọ́n fún wọn ní oògùn oníhóró funfun kan pé kí wọ́n máa lò ó pẹ̀lú oúnjẹ láràárọ̀ àti lálẹ́. Níbẹ̀rẹ̀, oògùn náà ń da inú wọn rú. Wọ́n á jẹun tán, wọ́n á gbé e mì, inú á bẹ̀rẹ̀ sí í kùn, eré ló kù! Wọ́n bú mi, wọ́n bú dókítà, wọ́n bú ẹni tó ṣe oògùn náà àti ìyá tó bí i. Nọ́ọ̀sì ní kí wọ́n fara dà á, pé inú rírú náà á lọ. Ó sì lọ lóòótọ́. Ara wọn padà bọ̀ sípò, wọ́n tún ń jí lọ sídìí ẹja tí wọ́n ń yan, wọ́n tún ń pè mí lórí fóònù láti fi mí ṣẹ̀sín pé wọ́n ti gbàgbé bí ojú mi ṣe rí. Mo máa ń rẹ́rìn-ín. Ìyá tó bá ń ráyè fọmọ ṣẹ̀sín, ara rẹ̀ yá nìyẹn.

Nígbà tó yá, oògùn tán ní ilé ìwòsàn alábọ́dé tó wà nítòsí wọn. Wọ́n lọ, nọ́ọ̀sì ní kò tíì dé. Wọ́n tún lọ, kò tíì dé. Ẹ jọ̀ọ́, kí ló ń dí i lọ́nà? Ọkọ̀ tó ń gbé bíà wá ń dé lójoojúmọ́! Bí ìbò bá ku díẹ̀, ọkọ̀ àwọn tó ń wá ìbò á dé, wọ́n á kó fìlà àti ìrẹsì bọ́ọ́lẹ̀. Oògùn ìyá mi nìkan ni omi ò mọ bí wọ́n ṣe ń gbé. Mo ní kí wọ́n má wulẹ̀ dúró de ìjọba mọ́, kí wọ́n wọkọ̀ wá sí Igbókòdá lọ́jọ́ ọjà, pé èmi á mú wọn lọ síbi tí wọ́n ti ń ta ojúlówó.

Wọ́n wá lóòótọ́. Wọn ò dé ṣọ́ọ̀bù mi. Ẹnu ibi tí ọkọ̀ ń gúnlẹ̀ sí ni ọ̀daràn kan ti dá wọn dúró.

Ẹ má bínú, ṣùgbọ́n mi ò ní orúkọ mìíràn fún un. Ó wọ aṣọ funfun bíi ti dókítà, ó dúró lórí bẹ́ǹṣì, ó gbé gbohùngbohùn dání, ó sì fi àwòrán ìfun ńlá kan kọ́ sára ògiri lẹ́yìn rẹ̀. Mo mọ ohun tó ń sọ torí ìyá mi tún un sọ fún mi, èmi náà sì ti fi etí ara mi gbọ́ ọ lẹ́yìn ìgbà náà. Ó ní, “Ẹ̀yin èèyàn mi, ta ló tàn yín pé ṣúgà ló ń fa ìtọ̀ ṣúgà? Ìfun ni! Kòkòrò tójú ò lè rí ló kún inú ìfun yín. Rere ń bẹ níbẹ̀, búburú ń bẹ níbẹ̀. Búburú ti lé rere jáde, ara yín ò wá mọ bó ṣe máa lo ṣúgà mọ́. Inú ìgò tó wà lọ́wọ́ mi yìí ni rere wà. Ẹ mu ún, ẹ gbìn wọ́n padà síkùn.” Bó ṣe sọ bẹ́ẹ̀ tán, ó wá rẹ ohùn sílẹ̀ bí ẹni tó ń káàánú wọn. “Oògùn funfun tí wọ́n ní kẹ́ ẹ máa gbé mì yẹn, òun gan-an ló ń pa kòkòrò rere yín. Ṣẹ́ ẹ rántí ọjọ́ àkọ́kọ́ tẹ́ ẹ lò ó? Ṣé kò rú yín nínú? Ẹ sọ ọ́ nù sómi!”

Háà! Ẹ wo ọgbọ́n òṣìkà. Ta ni kò rú nínú níbẹ̀? Ìyá mi ní gbogbo obìnrin tó ní àìsàn náà níbẹ̀ ló mi orí. Irọ́ tó burú jù ni irọ́ tí wọ́n pò mọ́ òótọ́. Bó bá parọ́ láti òkè délẹ̀, ìyá mi ì bá ti já a; obìnrin tó ti ń ná ẹja láti kékeré kì í ṣe ẹni tí èèyàn kàn lè tàn jẹ. Ó mú ohun tí inú wọn ti rí, ó fi ṣe ẹlẹ́rìí èké.

Ó tún ní kí wọ́n jáwọ́ nínú púpurú, pé oúnjẹ tí wọ́n bá ti rẹ sómi tó kan, ìdọ̀tí ló ń gbìn sí ìfun. Púpurú o! Gbágùúdá tí a rẹ, tí a gún, tí a rọ bí bọ́ọ̀lù, tí a yan lórí èéfín, ohun tí ìyá rẹ̀ bọ́ ìyá mi tí ìyá mi fi bọ́ mi. Ọkùnrin tí a ò mọ ibi tó ti wá dúró sẹ́nu omi wa, ó ń bú oúnjẹ wa fún wa, wọ́n sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìyá mi ra ìgò, wọ́n wọkọ̀ padà. Lálẹ́ ọjọ́ náà wọ́n pè mí: “Mo ti rí oògùn rà o. Má da ara ẹ láàmú mọ́.” Mo béèrè ìdí tí wọn ò fi yà lọ́dọ̀ mi, wọ́n ní ọkọ̀ ti fẹ́ gbéra ni. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.

Ẹni tó pè mí nígbà tí nǹkan bàjẹ́ ni obìnrin kan tí òun àti ìyá mi jọ ń yan ẹja nídìí ààrò kan. Ẹgbẹ́ mi ni, a jọ lọ sílé ìwé. Èmi bọ́ sí Igbókòdá, òun lọ́kọ sí Ugbonla, ìyá mi sì sọ ọ́ di ọmọ dípò mi. Ó ní, “Tètè máa bọ̀. Ẹsẹ̀ ìyá rẹ ti ń rùn, wọ́n ní kí n má sọ fún ọ.”

Ẹ̀gún ọ̀bọ̀kún ló gún wọn ní àtẹ́lẹsẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń ṣa ẹja. Ẹni tí ẹ̀gún ọ̀bọ̀kún bá gún rí á mọ̀ pé igbe ni èèyàn ń ké. Ìyá mi ò ké. Wọn ò mọ̀ pé nǹkan gún àwọn, nítorí ìtọ̀ ṣúgà ti pa ẹsẹ̀ náà kú. Ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n rí lórí pákó, wọ́n wá ń béèrè lọ́wọ́ àwọn tó wà nítòsí pé ta ló ṣèṣe.

Nígbà tí mo dé, wọ́n nà sórí ẹní, wọ́n fi aṣọ bo ẹsẹ̀ náà, wọ́n sì ń fi ẹ̀rín bò ó mọ́lẹ̀ fún mi. Òórùn ti sọ fún mi kí n tó ṣí aṣọ. Gbogbo ẹsẹ̀ ti wú dé ọrùn ẹsẹ̀, ojú egbò sì yẹ́lò fún ìyẹ̀fun oògùn. Mo ní, “Ṣé tẹ́tírà lẹ dà sí i?”

Wọ́n ní, “Rárá o, oògùn ìfun mi ni. Ó ń gbẹ egbò náà.”

Kí n sọ ohun tí tẹ́tírà jẹ́ lọ́dọ̀ wa. Kápúsù kan ni, pupa níhìn-ín, yẹ́lò lọ́hùn-ún, tí ìyẹ̀fun inú rẹ̀ korò bí ewúro. Nígbà tí a wà lọ́mọdé, omi ló yí wa ká, èyí tó ṣeé mu ló wọ́n. Bí òjò bá dáwọ́ dúró tí omi inú dúrọ́ọ̀mù fẹ́ tán, gbogbo ọmọ á bẹ̀rẹ̀ sí í yàgbẹ́ gbuuru. Ìyá mi á já kápúsù kan, wọ́n á dà á sínú ṣíbí, wọ́n á fi omi pò ó, wọ́n á di imú wa mú. Ahọ́n á yẹ́lò di ọjọ́ kejì. Bí a bá fara gbọgbẹ́, wọ́n á já òmíràn sójú rẹ̀. Bí wọ́n bá sì gbé omi dé láti ibi tó jìn, wọ́n á tu kápúsù sínú dúrọ́ọ̀mù kó lè pa ohun tó wà níbẹ̀ kí àwa ọmọ tó mu ún. Gbogbo ìyá tó wà lórí afárá wa ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Èyí tí kò bá ní tẹ́tírà nílé, wọ́n á ní kò bìkítà fọ́mọ. Kò sí dókítà tó kọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, kò sì sí ẹni tó wá sọ fún wọn pé kò yẹ bẹ́ẹ̀. Oníṣòwò ń gbé e wá lọ́kọ̀ bí ẹni ń gbé iyọ̀.

Mo mú ìgò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrọ̀rí wọn. Mo da díẹ̀ sátẹ́lẹwọ́, mo fi ahọ́n kàn án. Ẹ̀yin èèyàn mi! Ahọ́n mi kì í gbàgbé. Tẹ́tírà ni. Ó fi nǹkan dídùn díẹ̀ lọ̀ ọ́, ó lẹ àwòrán ìfun mọ́ ìgò, ó sì ń tà á fún ìyá mi. Orí mi wú. Mo fẹ́ pariwo, ṣùgbọ́n ìyá mi ń wò mí, ojú wọn ti rẹ̀, ni mo bá pe ọkọ̀. Ọ̀rẹ́ mi yìí bá mi gbé wọn, ó sì bá wa lọ.

Ilé ìwòsàn ńlá tó wà lókè ilẹ̀ la gbé wọn lọ. Dókítà obìnrin kan ló gbà wá, ọ̀dọ́ ni, ará Èkìtì. Ó wo ẹ̀jẹ̀ wọn, ó ní ṣúgà inú rẹ̀ ga ju ohun tí ẹ̀rọ lè kà lọ. Ó wò mí bíi pé kí ni mo ti ń ṣe. Mo gbé ìgò lé tábìlì rẹ̀, mo rojọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, ohùn mi gba gbogbo wọ́ọ̀dù. Ó jẹ́ kí n pariwo tán. Nítorí ìyẹn ni mo ṣe fẹ́ràn rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ló fa àga sún mọ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó ní, “Màmá, tẹ́ ẹ bá rẹ gbágùúdá sómi láti fi ṣe púpurú, kí ló ń jẹ́ kó rọ̀?”

Ìyá mi ní, “Omi ni.”

Ó ní, “Bó bá jẹ́ omi nìkan ni, ká se omi náà ká tún dé e pa, kò ní rọ̀ bẹ́ẹ̀. Kòkòrò kéékèèké ló wà nínú rẹ̀, tójú ò rí. Iṣẹ́ rere ni wọ́n ń ṣe. Irú wọn wà nínú ìfun gbogbo wa, wọ́n pọ̀ lọ jàra. Wọ́n máa ń bá wa jẹ nínú ohun tí a bá jẹ, pàápàá ẹ̀fọ́ àti ẹ̀wà, ohun tí wọ́n bá sì mú jáde níbẹ̀ ń ran ara lọ́wọ́ láti mọ bó ṣe máa lo ṣúgà. Àwọn onímọ̀ ti rí i pé ti ẹni tó ní àtọ̀gbẹ sábà máa ń yàtọ̀ sí ti ẹni tí kò ní in. Ọkùnrin yẹn ò parọ́ níbẹ̀.”

Mo ní, “Ẹ̀yin náà tún ń gbè é lẹ́yìn?”

Ó ní, “Ẹ jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀, àǹtí. Kò tíì sẹ́ni tó mọ̀ dájú bóyá kòkòrò ló kọ́kọ́ yí padà ni kí àìsàn tó dé, àbí àìsàn ló yí wọn padà. Ìdílé èèyàn wà ńbẹ̀, ọjọ́ orí wà ńbẹ̀, ohun tí à ń jẹ wà ńbẹ̀. Kò sì sẹ́ni tó tíì rọ ìwòsàn rẹ̀ sínú ìgò. Ẹni tó bá ní òun ti rọ ọ́, olè ni. Bó bá wá jẹ́ tẹ́tírà ló wà nínú èyí bẹ́ ẹ ṣe sọ, iṣẹ́ tẹ́tírà ni láti pa kòkòrò. Kì í béèrè èwo ni rere, èwo ni búburú. Ó ní òun fẹ́ gbin nǹkan, oògùn apakòkòrò ló ń dà sóko.”

Mo béèrè nípa oògùn funfun tí ọkùnrin náà ní kí wọ́n sọ nù, bóyá lóòótọ́ ló ń ba inú jẹ́. Ó mi orí, ó rẹ́rìn-ín tí kò dùn. Ó ní inú ìfun gan-an ni oògùn náà ti ń ṣe díẹ̀ lára iṣẹ́ rẹ̀, pé ó jọ pé àwọn kòkòrò náà wà lára ohun tó ń bá a ṣiṣẹ́. Inú tó ń rú lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ìfun ló ń mọ̀ ọ́n lára. Ṣẹ́ ẹ gbọ́? Ohun tí olè náà ń ta lórúkọ, ó ti wà lọ́wọ́ ìyá mi tẹ́lẹ̀, òun ló ní kí wọ́n jù ú sómi.

Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ tí egbò náà ò jinná, dókítà bi ìyá mi bóyá wọ́n ti ń lo tẹ́tírà rí kí ọ̀rọ̀ ìgò yìí tó dé. Ìyá mi gbé orí sókè. Wọ́n ní, “Láti ìgbà tí mo ti wọlé ọkọ. Òun ni mo fi wo gbogbo ọmọ mi.” Tìgbéraga tìgbéraga ni wọ́n fi sọ ọ́. Dókítà ò bá wọn jà. Ó rọra ṣàlàyé pé nítorí bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn oògùn tó yẹ kó pa kòkòrò inú egbò wọn ò ṣe tètè ràn án, kòkòrò tó bá ti mọ ìjà ẹni kì í bẹ̀rù ẹni mọ́. Lẹ́yìn tí dókítà lọ, ìyá mi mú ọwọ́ mi.

Wọ́n ní, “Mo mọ̀ pé tẹ́tírà ni.”

Mo ní, “Ẹ mọ̀?”

“Mo mọ̀ ọ́n lẹ́nu lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ tọ́ ọ wò. Mo ní, ah, ohun tí mo fi tọ́ àwọn ọmọ mi nìyí, wọn ò kú. Ìyẹn ni mo ṣe gbà á gbọ́.”

Mo jáde síta, mo sunkún. Kì í ṣe ẹkún àánú nìkan. Inú ń bí mi débi pé mi ò mọ ẹni tí mo lè gbá mú. Ọkùnrin yẹn ò tilẹ̀ mọ ohun tó jí lọ́wọ́ ìyá mi.

Wọ́n gé ẹsẹ̀ náà nísàlẹ̀ orúnkún. Wọ́n gbìyànjú kí wọ́n tó gé e, mi ò níí purọ́ mọ́ wọn. Wọ́n kọ́kọ́ gé ọmọ ìka ẹsẹ̀, wọ́n fi oògùn mìíràn sí i, ìjẹrà náà ń gòkè ṣáá ni. Dókítà ní ká mú ọ̀kan nínú ẹsẹ̀ àti ẹ̀mí. Ìyá mi ló fúnra wọn dáhùn. Ohun tí wọ́n sọ ni pé, “Ẹ gé e. Ṣùgbọ́n ẹ sọ fún ọmọ mi pé mi ò ní gbé lókè ilẹ̀.” Wọ́n ti mọ̀ pé ibẹ̀ náà ni àwọn ń bọ̀ wá gbé.

Ní ilé ìwòsàn yẹn náà ni wọ́n ti yẹ ẹ̀jẹ̀ ọ̀rẹ́ mi wò, nítorí dókítà rí i tó ń mu omi ṣáá. Wọ́n ní òun náà ti ní ìtọ̀ ṣúgà. Wọ́n fún un ní oògùn funfun díẹ̀ láti fi bẹ̀rẹ̀, wọ́n ní kó máa gba ìyókù ní ilé ìwòsàn alábọ́dé tó sún mọ́ ọn. Mo fẹ́ bú sẹ́rìn-ín.

Mo gbé ìgò yẹn lọ sí ọ́fíìsì ìjọba tí wọ́n ní ọ̀rọ̀ oògùn kàn. Ọkùnrin tó wà níbẹ̀ yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn. Ó bi mí pé, “Ṣé wọ́n fipá mú màmá yín rà á ni?” Mo ní rárá. Ó ní, “Ẹ ṣáà ní sùúrù. Ìbínú ò da nǹkan fúnni.” Sùúrù! Bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá wà nínú kòtò tí wọ́n sin ti ìyá mi sí, mo fẹ́ mọ bí sùúrù rẹ̀ ṣe máa tó.

Ọ̀dọ̀ mi ni ìyá mi wá ń gbé, nínú yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n ń bá mi tú òwú, wọ́n ń bá mi rán bọ́tìnnì. Wọn kì í ráhùn. Wọn kì í fi mí ṣẹ̀sín mọ́ náà. Mo ń fi ẹnu ara mi wá ọ̀rọ̀ tó máa jẹ́ kí wọ́n bú mi, wọ́n á kàn ní, “Ó dáa, ọmọ mi.” Ìyẹn dùn mí ju gbogbo ẹ̀ lọ.

Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀, wọ́n ní àwọn fẹ́ lọ wo ilé, kí wọ́n kó aṣọ wọn, kí wọ́n fi ààrò lé ọ̀rẹ́ mi lọ́wọ́ pátápátá. Ọjọ́ ọjà la lọ. Àwọn ọkùnrin méjì gbé wọn lórí àga oníke láti inú mọ́tò dé etí omi. Bí a ṣe ń sún mọ́ ọn ni mo gbọ́ gbohùngbohùn. “Ta ló tàn yín pé ṣúgà ló ń fa ìtọ̀ ṣúgà?”

Ó ṣì wà níbẹ̀. Aṣọ funfun, bẹ́ǹṣì, àwòrán ìfun, bẹ́ẹ̀ náà lobìnrin pọ̀ ní iwájú rẹ̀. Mo ti ń bọ́ bàtà. Kò sí ohun tí mo fẹ́ sọ fún un, ọrùn aṣọ rẹ̀ ni mo fẹ́ dì mú. Ìyá mi fa ìró mi látẹ̀yìn.

“Jọ̀ọ́, jẹ́ kí wọ́n gbé mi sọ́kọ̀ ná,” wọ́n ní. “Mi ò fẹ́ kó rí mi báyìí.”

Ìyá mi ló ń tijú! Ọ̀daràn wà lórí bẹ́ǹṣì, ohùn rẹ̀ ń dún, ẹni tó sọ di ẹlẹ́sẹ̀ kan ló ń fi aṣọ bo ibi tó kù. Mo wọ bàtà mi padà. A gbé wọn sọ́kọ̀.

Ọ̀rẹ́ mi ti wà nínú rẹ̀. Ó wá ra iyọ̀ àti epo ni, ó ti fẹ́ padà sí Ugbonla. Ó dì mọ́ ìyá mi, ó sunkún, ó nu ojú nù. Nígbà tó tẹ̀ síwájú láti tún aṣọ ìyá mi ṣe, náílọ́ọ̀nù tó wà lórí itan rẹ̀ ṣí, mo sì rí ọrùn ìgò.

Mi ò béèrè. Mo já a gbà, mo sọ ọ́ sómi. Ọkọ̀ ti ń lọ nígbà yẹn, ẹ́ńjìnì ń pariwo, ìgò náà ń fò lẹ́yìn wa lórí ìgbì.

Mo ní, “Ìwọ! Ìwọ tí a jọ gbé wọn! Ìwọ tí imú rẹ gbọ́ òórùn ẹsẹ̀ yìí!”

Kò pariwo padà. Ó wo ibi tí omi ń gbé ìgò náà lọ, ó wá wo ojú mi. Ó ní, “Mo mọ̀ pé irọ́ ni. Oògùn funfun ti tán ní ilé ìwòsàn alábọ́dé, wọ́n ní kò tíì dé. Mi ò kàn lè jókòó lásán kí n máa wo ẹsẹ̀ ara mi ni. O ti sọ ọ́ nù. Ó dáa. Kí ni kí n wá lò?”

Mo ní èmi á máa rà á fún un, ojúlówó, láti Igbókòdá, títí ayé mi.

Ó ní, “Èmi nìkan?”

Ìgbà yẹn ni mo tó wo inú ọkọ̀ dáadáa. Obìnrin tó wà lẹ́bàá ẹ́ńjìnì ti fa báàgì rẹ̀ mọ́ àyà. Èyí tó jókòó ti ìyá mi ń fi etí ìró bo ìgò kan lórí itan. Àgbàlagbà kan níwájú kó ọwọ́ méjèèjì lé orí náílọ́ọ̀nù rẹ̀, ó ń wò mí bí èèyàn ṣe ń wo olè. Ìyá mi wo gbogbo wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ìyá mi sì gbójú kúrò lára mi.